‘Wàrà Yìí Ti Bàjẹ́’: Ìtàn Ọmú Màlúù, Ojú Tó Ń Ṣọ́ Ọ, àti Ọ̀rọ̀ Kan Tí Kò Tó

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed dáadáa yóò mọ Apakun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oṣòdì-Ìsọlọ̀. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ CHI wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, àwọn tó ń ṣe omi èso Chivita, yógọ́ọ̀tì Hollandia àti mílíìkì Hollandia. Títì tó wọ ibẹ̀ gan-an ti ń jẹ́ Chivita Avenue. Ọkọ̀ ń kó ẹrù jáde, ó ń gbé e lọ sí gbogbo Nàìjíríà. Àmọ́ bí ẹ bá fẹsẹ̀ rìn láti Apakun dé abẹ́ afárá Oṣòdì, ó ṣòro kí ẹ tó rí màlúù kan tí ẹnikẹ́ni ń fún wàrà rẹ̀. Màlúù tí ẹ bá rí, inú ọkọ̀ ló máa wà, tó ń lọ sí ilé ìpẹran ní Oko Ọba, Agége.

Àlàfo yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín ọmú màlúù àti ife tí a fi ń mu mílíìkì. Ta ló ń wo ọmú yẹn fún wa? Kí ló ń wò? Tó bá rí ohun tí kò dáa, kí ló ń pè é? Ìbéèrè kẹta yìí ni tèmi gan-an, torí iṣẹ́ èdè ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Ṣùgbọ́n a ò lè dáhùn rẹ̀ láì kọ́kọ́ sọ ìtàn.

Mílíìkì, wàrà, kosam

Kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́nu ọmọ Èkó, mílíìkì ni èyí tó wà nínú agolo tàbí nínú ọ̀rá. Wàrà ni èyí tó dì, tí wọ́n ń dín, tí wọ́n ń fi ata sí. Èyí tó wà láàárín méjèèjì, omi funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára màlúù, kò fi bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀ nígboro. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá lo wàrà fún un, ohun tí èmi náà yóò sì máa lò níbí nìyẹn.

Àwọn Fúlàní tó ń fún un kò jọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀. Kosam ni wọ́n ń pe wàrà lápapọ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ɓiraaɗam ni, láti ara ɓir-, tó túmọ̀ sí ‘fún wàrà’. Èyí tó ti kan tó sì ti dì, pendiɗam ni. Àwọn Haúsá ní tiwọn ní nono, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń pe ọmú. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó ń gbé pẹ̀lú nǹkan máa ń ní orúkọ púpọ̀ fún un, ẹni tó ń rà á nínú agolo kì í sábà nílò ju ẹyọ kan lọ.

Kí ló dé tí àwa kò fi ní púpọ̀? Igbó ló fà á. Eṣinṣin tsetse tó wà nínú igbó ní ń gbé àrùn tó ń pa màlúù oníké, irú èyí tí àwọn Fúlàní ń dà. Màlúù kékeré tí wọ́n ń pè ní Muturu lè gbé inú igbó, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sìn ín kì í sábà fún wàrà rẹ̀. Nítorí náà, àwọn Yorùbá tó mọ wàrà dáadáa ni àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dàn: Ìlọrin, Òkè-Ògùn, àti apá òkè ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Níbẹ̀ ni obìnrin Fúlàní ti ń gbé igbá wàrà wọ ọjà, tó ń fi omi ewé bọmubọmu mú un dì. Ní orílẹ̀-èdè Benin, irú wàrà yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní wagashi.

Nígbà tí ọ̀nà reluwé Èkó dé Kánò ní 1912, màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Èkó. Ṣùgbọ́n ẹran jíjẹ ló bá wá, kì í ṣe wàrà. Wàrà tiwa gba orí òkun wá. Peak dé Nàìjíríà ní 1954. Fan Milk, tí Erik Emborg, ọmọ ilẹ̀ Denmark, dá sílẹ̀ ní Ghana ní 1960, dé Ìbàdàn ní 1961. Wọ́n dá WAMCO sílẹ̀ ní 1973 láti máa ṣe Peak níbí, lẹ́yìn náà ni ti Apakun wá dé ní 1980. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìyẹ̀fun mílíìkì tí wọ́n kó wá láti òkè òkun ni púpọ̀ jù lọ nínú ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí fi ń ṣiṣẹ́. Kí lèyí túmọ̀ sí? Ó túmọ̀ sí pé nígbà tí ìyá kan bá po mílíìkì fún ọmọ rẹ̀ ní Apakun, ẹni tó ti bá a wo ọmú màlúù náà ń bẹ ní Holland tàbí Denmark. Àyẹ̀wò náà bá mílíìkì wá sínú agolo. Orúkọ àwọn ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò ni kò bá a wá.

Bí àwọn òyìnbó ṣe kọ́ wíwò

Ẹ má jẹ́ ká rò pé àwọn òyìnbó bá ọgbọ́n yìí láyé. Ní 1858, ìwé ìròyìn Frank Leslie tú àṣírí kan ní New York: ẹ̀gbẹ́ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pọn ọtí ni wọ́n so màlúù mọ́, pàǹtí ọtí ni wọ́n fi ń bọ́ wọn, wàrà àwọn màlúù aláìsàn wọ̀nyí ni wọ́n sì ń tà fún ọmọ aráàlú. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń mú, torí omi rọrùn láti mú: ohun èlò kan wà tí wọ́n ń jù sínú wàrà, tí bó bá ti rì tó ni yóò sọ bóyá wọ́n ti bomi là á. Ṣùgbọ́n àìsàn ọmú le ju omi lọ láti mú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àìsàn náà bí mo ti yé e lọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹran. Mastitis ni orúkọ rẹ̀, láti ara mastos, ìyẹn ọmú ní èdè Gíríìkì. Kòkòrò àìfojúrí máa ń gba ẹnu ọmú wọlé, ara màlúù á wá kó sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá a jà. Nígbà míì, ojú lásán lè rí ogun náà: ọmú á wú, á gbóná, á le, wàrà á máa dì ní sísùn-ún-sísùn-ún tàbí kí ẹ̀jẹ̀ hàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ni kò sí ohun tí ojú lè rí. Ọmú ò wú, wàrà funfun nini, síbẹ̀ màlúù ń ṣàìsàn, wàrà rẹ̀ ń dín kù. Èyí tó fara sin yìí wọ́pọ̀ gan-an ju èyí tó hàn lọ.

Èyí tó hàn, ife tó ní àwọ̀ dúdú ni wọ́n fi ń mú un. Wọ́n á fún wàrà àkọ́kọ́ sí i, bí ohun tó dì bá wà níbẹ̀, yóò yọ lórí dúdú. Èyí tó fara sin dúró de 1957, nígbà tí Schalm àti Noorlander ní California gbé àyẹ̀wò kan jáde tí kò gba kọjá àwo pẹlẹbẹ oníhò mẹ́rin àti omi ọṣẹ aláwọ̀. Ẹ fún wàrà díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ da omi ọṣẹ náà sí i, ẹ fi yí po. Bí sẹ́ẹ̀lì funfun bá pọ̀ nínú wàrà náà, ọṣẹ á tú wọn, ohun inú wọn á sì mú kó yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Kí ló dé tó fi jẹ́ ihò mẹ́rin? Torí pé ilé mẹ́rin ni ọmú màlúù, ògiri wà láàárín wọn, wàrà ọ̀kan kì í ṣàn wọ ìkejì. Ọ̀kan lè máa ṣàìsàn kí mẹ́ta tó kù dá ṣáká.

Ní 1992, ní Holland, róbọ́ọ̀tì tó ń fún wàrà bọ́ sójú iṣẹ́. Lely ni ilé-iṣẹ́ náà, Astronaut ni wọ́n pe ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó ń da màlúù lọ síbẹ̀; oúnjẹ tó wà níbẹ̀ ló ń fà á, òun fúnra rẹ̀ ló ń wọlé nígbà tó bá wù ú. Ní èdè wa, ìró kan náà ni fún tí a fi ń fún aṣọ àti fún tí a fi ń fún èèyàn lẹ́bùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé róbọ́ọ̀tì yìí ló jẹ́ kí méjèèjì pàdé.

Ṣùgbọ́n wàhálà kan bá a dé. Ẹni tó ń fi ọwọ́ fún wàrà, tàbí tó ń fi ẹ̀rọ bọ ọmú, ojú rẹ̀ wà lára ọmú náà lójoojúmọ́. Bí kò bá sí èèyàn níbẹ̀ mọ́, ta ni yóò máa wò ó? Òfin ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé kí ẹni tó ń fún wàrà ti màlúù kọ̀ọ̀kan yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwọ̀ tàbí ìṣesí rẹ̀ ti yí padà, tàbí kí a lo ọ̀nà míì tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni róbọ́ọ̀tì gbà wọlé. Okùn ọrùn màlúù ń sọ ẹni tó jẹ́ fún un. Ó ń fọ ẹnu ọmú, ó ń fún ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń kọ iye tó jáde sílẹ̀, ó ń wo àwọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì ń wo bí iná mànàmáná ṣe ń rìn nínú wàrà náà. Èyí tó ní ẹ̀jẹ̀, á darí rẹ̀ síbòmíì kó má bàa dà pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù.

Kí ló kan iná mànàmáná? Iyọ̀ ni. Bí ọmú bá ń ṣàìsàn, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á jò wọnú wàrà, ṣúgà inú rẹ̀ á sì dín kù. Iná sì máa ń rìn geere nínú omi oníyọ̀. Bí wàrà ilé kan bá ń gbé iná ju ti mẹ́ta yòókù lọ, kọ̀ǹpútà á kọ orúkọ màlúù náà sí àkọsílẹ̀ àwọn tó yẹ kí àgbẹ̀ lọ wò. Ẹ̀rọ náà kò sọ pé ó ń ṣàìsàn o. Ẹ lọ wò ó ló sọ. Ó sì máa ń pariwo lásán nígbà míì, àgbẹ̀ á wá mú àwo oníhò mẹ́rin yẹn dání, á fi ọwọ́ kan ọmú, á fi ojú ara rẹ̀ rí i. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀rọ, ojú ṣì ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Wọ́n tún ní ìwọ̀n fún ọ̀rọ̀ náà. Wàrà màlúù tí ara rẹ̀ le kì í sábà ní ju sẹ́ẹ̀lì 200,000 lọ nínú mílílítà kan. Yúróòpù kò fẹ́ kí wàrà tí àgbẹ̀ ń tà kọjá 400,000. Amẹ́ríkà gbà á dé 750,000. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nínú ìtàn yìí ni pé, láti ìgbà ti New York yẹn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń pín ‘wàrà tí kò dáa’ sí ọ̀nà púpọ̀ sí i. Ti omi yàtọ̀ sí ti kíkan, ti kíkan yàtọ̀ sí ti àìsàn, èyí tó hàn yàtọ̀ sí èyí tó fara sin, ilé ọmú kìn-ín-ní yàtọ̀ sí ìkejì.

Ní gáà

Ṣé àwọn Fúlàní tiwa kò wa ọmú wò ni? Wọ́n ń wò ó. Ọmọ màlúù ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́ kó fa ọmú kí wàrà lè sọ̀, wọ́n á wá so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Ọwọ́ wọn ń kan ọmú náà lójoojúmọ́, ó ń mọ èyí tó gbóná àti èyí tó le. Màlúù tí ọmú ń dùn á máa tàpá. Iyọ̀ tí ẹ̀rọ ń fi iná mànàmáná wá, ahọ́n lè tọ́ ọ wò, torí wàrà ọmú tó ń ṣàìsàn máa ń ní iyọ̀ lẹ́nu. Ohun kan náà ni wọ́n ń wò, irinṣẹ́ ló yàtọ̀.

Ibi tí ọwọ́ àti ahọ́n kò tó ni èyí tó fara sin pátápátá. Àkọsílẹ̀ náà kò sì sí. Màlúù Bunaji tí ọmọ rẹ̀ ń mu nínú wàrà rẹ̀ lè má fún olówó rẹ̀ ju lítà kan tàbí méjì lọ lójúmọ́. Bí ìlàjì lítà bá dín nínú rẹ̀, ta ni yóò mọ̀ pé àìsàn ni, pé kì í ṣe ọ̀gbẹlẹ̀? Àwọn àrùn kan tún wà tí kò kan ìrísí ọmú rárá, bíi brucellosis àti irú ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń ti ara màlúù ran èèyàn. Wàrà tútù tí a kò sè lè gbé méjèèjì wọ ilé wa. Sísè ni ààbò tó sún mọ́ wa jù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo

Láti nǹkan bí 2010 ni FrieslandCampina WAMCO ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní agbègbè bí Ìsẹ́yìn. Ní 2019, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun kò ní máa fún àwọn tó ń kó mílíìkì wọlé ní owó òkèèrè mọ́. Ní February 2020, wọ́n wá dárúkọ ilé-iṣẹ́ mẹ́fà péré tí wọ́n gbà láyè, torí pé wọ́n ti ń sapá láti rí wàrà nílé. CHI ti Apakun wà nínú mẹ́fà yẹn. Ní July 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn nìkan. Ẹ ò rí i pé àlàfo tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ ti ń sún kì. Ọmú tó kàn wá kì í ṣe ti Holland nìkan mọ́. Ọmú tó wà ní gáà lẹ́yìn Ìsẹ́yìn ti kan Apakun.

Ẹ wá jẹ́ ká fojú inú wo obìnrin kan tó gbé wàrà láti gáà lọ síbi tí wọ́n ti ń gbà á. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò gbà á. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá ni, òyìnbó ló fi kọ́ iṣẹ́, Yorùbá ni òun àti obìnrin náà jọ gbọ́. Kí ló máa sọ? ‘Ìyá, ẹ má bínú, wàrà yìí ti bàjẹ́.’ Ó parí síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni obìnrin yẹn gbọ́? Bàjẹ́ lè jẹ́ pé ó ti kan torí oòrùn mú un lọ́nà. Ó lè jẹ́ pé wọ́n rí omi nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ń pè é ní olè. Ó lè jẹ́ pé màlúù kan ń ṣàìsàn. Ó lè jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ gún màlúù lábẹ́rẹ́ lánàá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àtúnṣe tirẹ̀. Fún ti àkọ́kọ́, kó tètè jáde kí oòrùn tó mú, kó sì fọ garawa dáadáa. Ìkejì, kí ẹnì kan jáwọ́. Ìkẹta, kí wọ́n wá màlúù náà rí, kí dókítà ẹran wò ó. Ìkẹrin, kí wọ́n dúró iye ọjọ́ tí dókítà bá sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí akọ̀wé lò kò fi ọ̀kankan nínú rẹ̀ hàn án. Yóò gbé wàrà rẹ̀ padà, bóyá yóò fi ṣe wàrà dídì, yóò tà á lọ́jà, àwa la ó sì rà á. Màlúù tó ń ṣàìsàn ṣì wà níbẹ̀ lọ́la. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ èyí tó ń wò, kí ló fẹ́ wò?

Ohun tó dùn mí ni pé èdè wa kò ṣaláìní. A kàn ń wá ọ̀rọ̀ náà síbi tí kò sí ni. Ẹ lọ sí abúlé ẹlẹ́mu. Onímumu kò jẹ́ sọ pé ẹmu ‘bàjẹ́’ kó wá dákẹ́. Á ní ó ti kan, á ní àbùlà ni, á ní ògidì nìyí, á bi yín bóyá ẹmu àárọ̀ ni tàbí ti àná. Torí pé a gbé pẹ̀lú ẹmu, a pín in. Ẹ jẹ́ ká yá ọ̀rọ̀ náà fún wàrà.

Èyí tó ti kan, ká sọ pé *ó ti kan*. Èyí tí wọ́n bomi là, *àbùlà* ni. Èyí tí kò lómi, *ògidì*. Fún mastitis, mo ti rí àwọn tó ń kọ *ọmú wíwú*. N kò fara mọ́ ọn, torí púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í wú. Ẹni tó bá gbọ́ *wíwú* á wo ọmú, á ní kò wú, á sì lọ sùn. *Àrùn ọmú* tó, ká wá pín in sí *àrùn ọmú tó hàn* àti *àrùn ọmú abẹ́nú*. Fún ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, *ilé ọmú* ni mo ti ń lò látòkè, mo sì rò pé ó yé yín.

Èyí tó kù ló gba ọgbọ́n jù, ìyẹn oògùn apakòkòrò tó kù sínú wàrà. Kò ṣeé gbọ́kàn lé pé sísè yóò mú un kúrò, ó sì ń jẹ́ kí kòkòrò àrùn mọ oògùn wa kó má ràn án mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ìyá kankan pé ‘oògùn wà nínú wàrà yín’. Ẹ mọ ohun tí oògùn tún ń jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ìjà ló máa dà! Ẹ sọ pé *abẹ́rẹ́ màlúù kò tíì kúrò nínú wàrà yìí*. Orúkọ rẹ̀ ní ṣókí, *àṣẹ́kù abẹ́rẹ́*.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà péré ni gbogbo èyí. Wọ́n wọ ojú pátákó kan ṣoṣo ní ibi ìgbawàrà, kí ti Fulfulde sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí àwọn oníwàrà ló lèdè yẹn, ó sì yẹ kí wọ́n bá wa fọwọ́ sí i. Kò náni ní owó róbọ́ọ̀tì kan. Ẹ̀yin òǹkàwé tó wà ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Ìlọrin àti Kíṣì, bí ẹ bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dáa ju tèmi lẹ́nu àwọn tó ń ta wàrà, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Tiwọn ni n ó kọ sílẹ̀, n ó sì pa tèmi tì.